Ẹ̀kúnwọ́ Ẹ̀wà

Ọjọ́ Ajé kan ni káfíńtà wọlé sí yàrá ìdáná ilé-ìwé girama kan ní Kabusa, ní Abuja, láìkan ìlẹ̀kùn. Ó na téèpù láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí sítóòfù wà, ó sì kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìbídùnní, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìmọ̀ oúnjẹ nínú yàrá yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, dúró tòun ti aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó bi í léèrè ohun tó ń wọ̀n. Ọkùnrin náà ní tábìlì kọ̀ǹpútà ni, ó ní àbí wọn ò tíì sọ fún un ni?

Wọn kò tíì sọ fún un, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ti ń ṣú bọ̀ tipẹ́. Lọ́dọọdún ni iye ọmọ tó ń yan iṣẹ́ náà ń dín kù. Àwọn tó fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì á ní oúnjẹ sísè kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, àwọn yòókù á ní ìyá àwọn lè kọ́ àwọn nílé. Àwọn òbí gan-an kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bàbá kan dìde níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, ó ní òun ò rán ọmọ òun wá sí girama kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rokà, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùnní náà bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tó délé tán ni inú wá ń bí i.

Ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Priscilla, pè é sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn. Ọmọ Ìdómà ni obìnrin náà, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní inú òun ò dùn pé káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwọn òbí ń béèrè yàrá kọ̀ǹpútà, kò sì sí yàrá mìíràn tí iná àti omi rẹ̀ dára tó ti ìdáná yìí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó kù. Ó ní òun ti gbọ́ pé níbòmíràn, wọ́n ń fi sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kún ẹ̀kọ́ oúnjẹ, tí ọmọ á fi ìkòkò kọ́ ohun tí kò yé e nínú ìwé. Bí Ìbídùnní bá lè ṣe é ní táàmù yìí, tí òun fi ojú ara òun rí i, ìdáná di tirẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kọ̀ǹpútà á wọlé lẹ́yìn ọlidé, Ìbídùnní á sì lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní bí a ṣe ń tún ilé ṣe.

Ìbídùnní dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tó dé ìdí máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó fara ti igi náà.

Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ló ń bà á lẹ́rù. Ó mọ ìdí tí òróró fi ń léfòó lórí omi, ó mọ ohun tí kánún ń ṣe sí ẹ̀wà àti ohun tó ń bà jẹ́ nínú rẹ̀. Ìṣirò ni ẹ̀rù rẹ̀. Ìdánwò ìṣirò ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń jáde ní girama. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó yege, ó sá fún un bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ajá, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Ojú ló fi ń wo oúnjẹ, ọwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n, gbogbo ẹni tó bá sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ ló ń lá ọwọ́. Kí wọ́n wá ní kó dúró níwájú àwọn ọmọ, kó máa pín iye sí iye? Ó máa ń lá a lálàá títí di òní pé òun jókòó níwájú bébà ìdánwò tí kò mọ ohun kan nínú rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí omi ń gbé lọ ò ní yan igi tó máa dì mú. Ó lọ bá Mukhtar, olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ Ìlọrin ni Mukhtar, Nyanya ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn ọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Ìbídùnní bá wá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde lórí àga. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń wá ibi tí òun lè kó àwọn ọmọ yìí lọ kí wọ́n lè fi ojú rí ìṣirò. Ìbídùnní sọ fún un pé ibi tí ọ̀rọ̀ iye bá ti dé, òun ò sí níbẹ̀ o, òun fi sílẹ̀ fún un.

Mukhtar ní, "Àǹtí, ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa ṣe. Ìṣirò ti wà nínú rẹ̀, a ò kàn tíì pè é lórúkọ ni."

Mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mukhtar gbé òṣùwọ̀n wá láti yàrá kẹ́mísìrì, irú èyí tí iye máa ń hàn lójú rẹ̀. Ìbídùnní bu ẹ̀wà kún agolo mílíìkì méjì, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e tẹ́jú, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó kọ iye tó rí sí bọ́ọ̀dù. Ó wọn omi tí wọ́n máa fi lọ̀ ọ́ bákan náà, ó wọn òróró, ó ka ata. Nítorí pé Mukhtar dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo iye kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ pín ara wọn sí ẹgbẹ́ márùn-ún, wọ́n sì wọn tiwọn bó ṣe wà lójú bọ́ọ̀dù, wọ́n ń yọ hóró ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan kúrò títí iye fi bára mu. Ìbídùnní ò rí wọn kí wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mukhtar bi wọ́n pé bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ bọ́ ìlọ́po mẹ́ta èèyàn ńkọ́, bí ó bá jẹ́ ìdajì ńkọ́, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe àwọn ló máa ń sùn ní kíláàsì rẹ̀.

Wọ́n rẹ ẹ̀wà mọ́jú, wọ́n bó o, wọ́n lọ̀ ọ́. Ìbídùnní ti lọ ra ẹja ní ọjà ẹja Kado fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kí ọ̀gá má baà bá mọ́ínmọ́ín lásán níbẹ̀. Wọ́n pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n tò ó sínú ìkòkò, wọ́n dé e. Ìyáàfin Priscilla wọlé nígbà tí òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ó sì tẹ́ tísù sórí itan.

Wọ́n tú ewé àkọ́kọ́, mọ́ínmọ́ín ṣàn jáde. Kì í ṣe pé ó rọ̀, ó ṣàn ni. Ó gba orí tábìlì lọ títí tó fi kan ìwé ẹnì kan, ẹja Kado sì jókòó láàárín rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n tú ìkejì, bákan náà ni. Ìbídùnní ní kí wọ́n dá a padà sórí iná, wọ́n dá a padà, wọ́n dúró títí agogo fi lù, kò dì. Abdulqoyum, ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, béèrè bóyá kí òun lọ mú ife wá. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, Mukhtar sì bojú wò wọ́n.

Ìyáàfin Priscilla ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó nu ẹnu. Ó ní òun á tún padà wá kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, ìyẹn ló sì máa jẹ́ ìkẹyìn, torí pé káfíńtà ń dúró de ọ̀rọ̀ òun. Ó dìde, ó lọ.

Inú bí Ìbídùnní, ojú sì tì í, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Láti ìgbà tó ti ń se mọ́ínmọ́ín, kò sí èyí tó ṣàn rí, ọjọ́ tí iye wọ inú rẹ̀ ló bà jẹ́. Ó sọ fún Mukhtar pé kó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ padà síbi tó ti gbé e wá. Mukhtar ò bínú. Ó ń nu tábìlì, ó ní, "Àǹtí, òṣùwọ̀n ò mọ̀ ju ohun tí a bá gbé lé e lọ." Ìbídùnní pa sítóòfù. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Nínú Kabusa níbẹ̀ náà ni òun àti Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ ń gbé. Awakọ̀ ni Káyọ̀dé, Abuja sí Òṣogbo ló máa ń ná, ọjọ́ tó bá wà nílé kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ìdáná. Ó jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ náà, ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ro ẹjọ́ mọ́ínmọ́ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ṣe ń rojọ́ ló sì ń bu ìrẹsì. Ìbídùnní bu agolo kan, ó bu ìkejì. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì fẹ́ dà á sínú ìkòkò.

Ó dúró. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló rí níbẹ̀.

Káyọ̀dé ní kí ló dé tó fi dúró, kó da èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i jàre. Ìbídùnní bi í pé ṣé òun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Káyọ̀dé ní ṣe kí ni? Ìbídùnní ní ẹ̀kúnwọ́ yìí. Ọkùnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra ni, ìrẹsì o, ẹ̀wà o, gààrí o, kò sí èyí tí kì í bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé lórí.

Ó ní, "Èmi ti rò pé tèmi ni, torí mo máa ń tún oúnjẹ bù."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ papọ̀ mọ́ ẹ̀rín. Òun ló kọ ìwọ̀n sójú bọ́ọ̀dù, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan ò sì sí níbẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ń fi í sí i. Ọjọ́ tí òṣùwọ̀n wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rù òṣùwọ̀n ti so ọwọ́ náà mọ́lẹ̀. Omi ńkọ́? Agolo ló fi ń wọn omi láti kékeré, èèyàn kì í fi ẹ̀kúnwọ́ bu omi, nítorí náà omi pé. Omi ẹ̀wà tó ní ẹ̀kúnwọ́ ni àwọn ọmọ ti dà sórí ẹ̀wà tí kò ní ẹ̀kúnwọ́.

Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìlá lórí fóònù kí ìrẹsì tó hó. Ìyá ti dàgbà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju etí lọ. Ìbídùnní bi í pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀kúnwọ́ tí a máa ń dà sórí oúnjẹ lẹ́yìn tí a bá ti wọ̀n ọ́n tán. Ìyá ní ṣé irú ìbéèrè tí olùkọ́ ń bi èèyàn nìyẹn.

Ó ní, "Ṣebí ìpín àlejò ni. Ìgbà tí mò ń kọ́ ọ, ojoojúmọ́ ni mò ń wí i pé kó o fi ti àlejò sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo gbàgbé. Ọwọ́ rẹ ò gbàgbé."

Ìyá wá béèrè bóyá àlàáfíà wà, Ìbídùnní ní àlàáfíà ni, òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn wọn ni. Kò sọ pé ìgbà tí òun wà ní ọmọdé ni ọwọ́ ìyá yẹn máa ń wà lórí ọwọ́ òun nínú àpò ẹ̀wà, tó ń fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń bù ú. Ó ń rò ó nígbà tó ń bu ìrẹsì fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí kíláàsì tún dé, ó sọ fún àwọn ọmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbò ó. Wọ́n ti ń retí pé olùkọ́ á ní àwọn ni kò wọ̀n ọ́n dáadáa, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà yà wọ́n lẹ́nu. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ohun tó wà nínú ẹ̀wà tó ń ṣara lóore, òun náà ló ń mú mọ́ínmọ́ín dì. Bí ooru bá kàn án, á na ara rẹ̀, á di èkejì rẹ̀ mú, omi á há sáàárín wọn. Bí omi bá pọ̀ jù, wọn á jìnnà síra, ọwọ́ wọn ò ní kan ara wọn, kò sì sí bí iná ṣe lè pọ̀ tó tó máa mú wọn pàdé. Abdulqoyum kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ṣe àwàdà kankan.

Lẹ́yìn náà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà, ó dà á sórí òṣùwọ̀n. Àádọ́rin gíráàmù ni. Ó kọ ọ́ sókè bọ́ọ̀dù gàdàgbà, ó sì wò ó títí. Kò rò ó rí pé ohun tí ìyá òun fi sí òun lọ́wọ́ ní iye.

Waliyat, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, na ọwọ́ sókè. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ fi bá Ìbídùnní sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ma, ọwọ́ wa ò big tó ọwọ́ yín now. Tí mo bá dé ilé, tí mo fi ọwọ́ mi ṣe é, àbí kò ní dì?"

Ìbídùnní sún abọ́ ẹ̀wà síwájú. Ó ní kí ó wá bu tirẹ̀ ká wò ó. Iye tirẹ̀ kéré gan-an. Nafisah náà bu tirẹ̀, Abdulqoyum bu tirẹ̀, tí wọ́n ní kó dá díẹ̀ padà torí pé òkè ló kó, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi tò síwájú abọ́ ẹ̀wà. Ogún ọmọ ni wọ́n, ogún iye ló sì wà lójú bọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n parí, wọ́n rí wúruwùru, kò sí méjì tó jọ ara wọn púpọ̀. Wọ́n wá gbà pé kí àwọn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí àwọn pín in dọ́gba, kí àwọn lè mọ ohun tí ọwọ́ ọmọ kan ní kíláàsì yẹn ń bù.

Àfi bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí, tí Ìyáàfin Priscilla wọlé. Ó ní káfíńtà ti rí iṣẹ́ mìíràn sí Lugbe, ó sì fẹ́ mọ ibi tí òun dúró, ìdí nìyẹn tí òun fi wá lónìí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́yìn, ó kojú sí bọ́ọ̀dù.

Ìbídùnní wo ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀. Mukhtar ti kó àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn lọ fún ìdíje ìṣirò ní Bwari láti àárọ̀. Ogún iye wà lójú bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ òun, ọ̀gá sì ń wo òun lẹ́yìn ọrùn. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Àfi bí ìgbà tó wà ní gbọ̀ngán ìdánwò. Nafisah ti na ọwọ́ sókè pé òun fẹ́ ṣe é. Ọmọ yẹn mọ ìṣirò bí orúkọ ara rẹ̀, kò ní gba ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà àbáyọ ló la sílẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó máa bá olùkọ́ wí pé ó pe ọmọ síwájú.

Ó rò ó. Ó wá wò ó pé bí òun bá gbé ṣọ́ọ̀kì yìí fún ọmọ náà, ìdáná lè di ti òun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni òun á máa bá gbé inú rẹ̀. Ó ní kí Nafisah ṣe tirẹ̀ sínú ìwé.

Kò to iye náà jọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ní girama, torí pé ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí wọ́n ṣe ń ka obì nílé wọn ní Ìlá, ní ogún-ogún. Ó yọ ogún, ó fa igi kan sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù. Ó yọ ogún mìíràn, ó fa igi. Èyí tó bá kù lára ti ọmọ kan, á mú un mọ́ ti ọmọ tó tẹ̀ lé e. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sì bìkítà mọ́ pé wọ́n ń wo òun, nítorí pé Yorùbá ló fi ń kà á, iye kò sì dẹ́rù bà á rí ní Yorùbá. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ku díẹ̀ tí kò tó ogún. Ó ka igi tó fà. Márùndínlọ́gọ́ta ni.

Ó fẹ́ máa wá bí òun ṣe máa pín in, ló bá dúró. Ó tún wo àwọn igi náà, ó wo àwọn ọmọ.

Ó ní, "Ó ti pín. Ogún ni yín. Gbogbo ogún tí mo bá yọ, ẹyọ kan ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ọ́ nígbà márùndínlọ́gọ́ta, márùndínlọ́gọ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Gẹ̀ẹ́sì ló fi tún un sọ kó lè yé gbogbo wọn. Gbogbo ojú yí sí Nafisah. Ọmọ náà ń wo ìwé rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Ma, àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìbídùnní di etí tábìlì mú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ìyáàfin Priscilla dìde, ó sún mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó nawọ́ sí àádọ́rin tó wà lókè, ó nawọ́ sí márùndínlọ́gọ́ta tó wà nísàlẹ̀, ó ní èwo nínú méjèèjì ló máa wọ inú mọ́ínmọ́ín ọ̀la. Ó ní òun máa wá jẹ ẹ́, òun ò sì fẹ́ ife.

Ìbéèrè náà wọ Ìbídùnní lára. Àádọ́rin, ó dá a lójú. Ó ti fi se mọ́ínmọ́ín láti ọmọdé láìmọ̀, kò já a kulẹ̀ rí. Kò mọ nǹkan kan nípa márùndínlọ́gọ́ta. Ó lè dì, ó lè ṣàn, tó bá sì ṣàn, káfíńtà á dé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni àádọ́rin yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i ní àkọsílẹ̀ sì nìyí. Ó bojú wo Waliyat, tó ṣì ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo bó ṣe kéré tó.

Ìbídùnní mú aṣọ, ó nu àádọ́rin kúrò. Ó ní ọwọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n máa fi sè é nílé wọn, ọwọ́ àwọn ọmọ ló sì yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ìyáàfin Priscilla mi orí, ó jáde.

Ìbídùnní ò sùn dáadáa mọ́jú. Káyọ̀dé ní kó jẹ́ kí òun bá a gbàdúrà lé ẹ̀wà náà lórí, ìyàwó rẹ̀ ní kó fi òun sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ lọ ẹ̀wà wọn, wọ́n pò ó, wọ́n pọ́n ọn. Mukhtar ti dé, àwọn ọmọ rẹ̀ gba ipò kejì ní Bwari, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi tí Ìbídùnní fà sójú bọ́ọ̀dù ló ń béèrè. Ó ní kí wọ́n má tíì nù ún, òun fẹ́ kó kíláàsì òun wá wò ó. Ìyáàfin Priscilla jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbídùnní gbé ewé kan jáde nínú ìkòkò, ó fi í síwájú Waliyat, ó ní kó tú u.

Ọmọ náà tú ewé, ó ṣí i sí ọ̀tún, ó ṣí i sí òsì. Mọ́ínmọ́ín dúró. Ó rọ̀, ó ń mì díẹ̀ lórí ewé, ṣùgbọ́n ó dúró, nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, ojú ibi tí wọ́n gé mọ́ kedere. Abdulqoyum kàn mí kanlẹ̀, gbogbo kíláàsì sì gbọ́.

Ìyáàfin Priscilla jẹ tirẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó mú fóònù, ó pe káfíńtà, ó sọ fún un pé kó lọ wọn yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí, pé wọ́n máa tún iná ibẹ̀ ṣe, òun ò sì fẹ́ rí i ní ìdáná mọ́. Ó wá yíjú sí Mukhtar, ó ní láti táàmù tó ń bọ̀, kíláàsì ìṣirò kan lọ́sẹ̀ á máa wá síbí. Ó ní Ìyáàfin Ìbídùnní ni yóò máa kọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀, Mukhtar ní òun ti mọ̀.

Wọ́n ti ń jẹ, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jà sí ẹja. Waliyat gbé ewé kan wá fún Ìbídùnní, ó dúró tì í títí tó fi bu díẹ̀ sẹ́nu. Kò le tó ti ìyá rẹ̀ ní Ìlá. Ó fúyẹ́ ju ti Ìlá lọ, ó rọ̀ jù ú lọ pẹ̀lú, bó bá sì jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ wò, á ní ta ló sè é.

Waliyat ní, "Ma, ṣé ó dà bíi tiyín?"

Ìbídùnní ní, "Rárá. Tiyín ni. Ó dùn."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó láàárín wọn, ó sì jẹ ẹ́ tán.